Ẹnu Tí Mo Yá Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ni mo lọ kà ní yunifásítì ní Yábàá, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí oníkálukú mú ẹ̀kọ́ mìíràn mọ́ tirẹ̀. Mo mú ọ̀rọ̀ sísọ níwájú èrò. Mo rò pé yóò rọrùn ni. Kò rọrùn rárá. Olùkọ́ wa, obìnrin kan tí kì í gbóhùn sókè, á ní kí n dìde, kí n sọ̀rọ̀ láìwo ìwé, á sì já lu ọ̀rọ̀ mi: "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé ògiri ni?"

Bí mo bá wálé sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó lópin ọ̀sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fi ń dánra wò. Akólòlò ni. Á máa ká aṣọ bàbá wa, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀, á sì máa gbọ́ mi. Bí mo bá ṣe é dáadáa, á pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí bàbá kú, ẹbí ní kí ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ nípa wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí òun ni àkọ́bí. Òun náà ló ń wẹ̀ fún bàbá, tó ń fún wọn lẹ́kọ mu, nígbà tí mo wà ní họ́sítẹ́lì. Láàárọ̀ ìsìnkú, ó fà mí wọ ilé ìdáná.

"Ba-ba-bá mi sọ ọ́."

"Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n jù."

"Ì-ìwọ lo kọ́ ọ."

Ó pẹ́ kó tó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi tán: bí bàbá ṣe máa ń fi ọwọ́ òsì tó ṣì lágbára fà á létí bí ẹ̀kọ bá gbóná jù, tí àwọn méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ fún ìjọ. Mo sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ló ni ìtàn náà. Mo dánu dúró níbi tó yẹ. Ẹkún sọ.

Lẹ́yìn ìsìn, èmi ni wọ́n rọ́ bò. Ìyá àgbà kan láti ìlú wa ní Ìjẹ̀bú gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Bí o ṣe tọ́jú bàbá rẹ, ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú ẹ."

"Àǹtí mi ló tọ́jú wọn, mà."

"Ẹ ò rí i bó ṣe níwà ìrẹ̀lẹ̀!"

Mo tún un sọ. Wọ́n túbọ̀ ń yìn mí. Lẹ́yìn wọn, ẹ̀gbọ́n mi ń pín omi.

Nírọ̀lẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bó bá ṣe è-èmi ni, wọn ò ní gbọ́ ìparí ẹ̀."

Ó fẹ́ fi tù mí nínú ni. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ. Títí dòní, bí àwọn ará ìlú wa bá ń ṣàdúrà fún mi pé mo tọ́jú bàbá, mo máa ń ṣe àmín, ojú á sì máa tì mí.