Aṣálẹ̀ Ẹ̀yìn Ilé Wa

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, torí ìkánjú ni mo fi sọ irọ́ tó wà nídìí rẹ̀.

Ilé alájà mẹ́rin kan ni èmi àti ìyá mi ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Irú rẹ̀ mẹ́fà ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ni ilé ní àwọn fẹ́ wó gbogbo rẹ̀ kí àwọn lè kọ́ tuntun. Wọ́n kó àwọn èèyàn lọ díẹ̀díẹ̀, ẹlòmíì sí Deptford, ẹlòmíì sí Kennington. Katakata, ẹ̀rọ tó ń wólé, dé, ó wó márùn-ún, iṣẹ́ sì dúró. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Tiwa nìkan ló kù lórí ìdúró. Fún bí ọdún méjì, ẹni tó bá ṣí fèrèsé wa, ilẹ̀ gbalasa ló máa rí: iyanrìn, bíríkì tó ti rún, eruku tó ń dìde bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi dúró lójú fèrèsé yẹn, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Aṣálẹ̀ bàbá mi rèé."

Bàbá ìyá mi wà lára àwọn tó gba orí ilẹ̀ lọ sí Mẹ́kà láti Ìsẹ́yìn, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kò tíì kan mẹ̀kúnnù. Wọ́n wọ ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n gun ràkúnmí, wọ́n fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìtàn aṣálẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ ìyá mi dàgbà. Wọ́n ní nínú igbó, èèyàn lè fara pamọ́ sẹ́yìn igi. Nínú ìlú, èèyàn lè fara pamọ́ sáàárín èrò. Ṣùgbọ́n ní aṣálẹ̀, ìwọ nìkan lo dúró, Ọlọ́run sì ń wò ọ́. Wọ́n ní ẹ̀rù ló kọ́kọ́ ń ba èèyàn. Bó bá yá, ẹ̀rù yẹn á lọ, ara á wá tu èèyàn, torí kò sí ohun tó ń fi pamọ́ mọ́.

Ní ti ìyá mi, wọn ò dé Mẹ́kà rí. Ọ́fíìsì ni wọ́n ń gbá ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń fọ ilé ìyàgbẹ́ ibẹ̀, ó lé ní ogún ọdún. Oògùn ìfọlẹ̀ ló jẹ ọwọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa fẹ̀yìn tì, àtẹ́lẹwọ́ wọn ti là bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀dá. Omi lásán á kàn án, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Dọ́kítà ní kí omi má kàn án mọ́ títí yóò fi jinná. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, torí ẹni tó ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, omi ló fi ń ṣe àlùwàlá.

Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n mú abọ́ tánganran funfun kan, wọ́n gba ibi tí ọgbà ti ya wọ orí ilẹ̀ gbalasa náà, wọ́n bu iyanrìn wá sílé. Tàyámọ́mù ni wọ́n fẹ́ máa ṣe, àlùwàlá aláìlómi tí Ọlọ́run fi ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn àti fún arìnrìn-àjò tí kò rí omi. Wọ́n á fi ọwọ́ kan iyanrìn náà jẹ́ẹ́, wọ́n á gbọn eruku rẹ̀ dànù, wọ́n á fi pa ojú, wọ́n á fi pa ọwọ́, ó parí. Bàbá wọn ló fi hàn wọ́n. Bí wọ́n ṣe ṣe é jálẹ̀ aṣálẹ̀ nìyẹn.

Láti ibẹ̀, ilẹ̀ náà wá mọ́ wọn lára. Bó bá ti ku díẹ̀ kí Làásárì, ìrun ìrọ̀lẹ́, wọlé, wọ́n á wọ kóòtù, wọ́n á lọ dúró láàárín rẹ̀. Mo máa ń rí wọn láti òkè bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé: ìyá àgbà kékeré kan, ìborùn funfun, eruku níwájú, eruku lẹ́yìn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò wá nǹkan kan. Wọ́n ní látìgbà tí àwọn ti dé ìlú yìí, ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti í sọ pé kí àwọn sún.

"Tẹ̀ lé mi lọ́la, bàbá mi," wọ́n ní. "O ò ní sọ̀rọ̀. Wàá kàn dúró ni."

Mo ní ó rẹ̀ mí. Mo ní ó di ọjọ́ ìsinmi mi. Ọjọ́ ìsinmi pọ̀ o. Mi ò lọ.

Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà, ní ọ̀nà Walworth. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, aládùúgbò wa kan wọ ọkọ̀ mi, obìnrin Ìjẹ̀bú tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ẹ̀fẹ̀. Ó dúró tì mí, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ọkọ̀ lè gbọ́:

"Dírẹ́bà wa, Mọ́mì yín ti di àgbẹ̀ o. Abọ́ ni wọ́n fi ń bu ilẹ̀ níbi tí ajá ń tọ̀ sí. Kí lẹ fẹ́ gbìn, ẹ̀gẹ́ ni àbí iṣu? Bó bá ta, ẹ má gbàgbé wa."

Àwọn Yorùbá tó wà nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń gbóná lára mi títí iṣẹ́ fi parí.

Mo délé, mo bá ìyá mi lórí ẹní ìkírun, abọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mi ò tilẹ̀ jókòó.

"Mọ́mì, mo ti bi Àáfà. Wọ́n ní iyanrìn yẹn ò mọ́. Wọ́n ní gbogbo ìrun tẹ́ ẹ fi kí ló ti bàjẹ́."

Mi ò bi Àáfà kankan. Ojú ló ń tì mí, mo sì mọ ibi tí màá gbà. Ìyá mi máa ń bá dọ́kítà jiyàn, wọ́n máa ń bá mi jiyàn lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í bá Àáfà jiyàn. Wọ́n wo abọ́ náà. Wọ́n bi mí pé báwo ni ti àwọn ìrun tí àwọn ti kí sẹ́yìn. Mo ní Ọlọ́run aláàánú ni. Wọ́n dìde, wọ́n da iyanrìn náà nù, wọ́n fọ abọ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san àwọn ìrun náà padà, ti oṣù mẹ́rin, wọ́n sì ń fi omi ṣe àlùwàlá rẹ̀.

Mo máa ń gbọ́ ọ láti inú yàrá mi. Omi á ṣàn, á dákẹ́ díẹ̀, ìyá mi á fa èémí wọnú. Wọn kò lọ sórí ilẹ̀ náà mọ́. Mo ní màá sọ òótọ́ bó bá di Jímọ̀. Jímọ̀ dé, ó lọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Wọn ò sọ fún wa pé ẹni tó purọ́ ló gbọ́dọ̀ rán òótọ́ náà níṣẹ́.

Nígbà tó pẹ́, mo wá lọ bi Àáfà ní tòótọ́. Wọ́n ní ilẹ̀ mímọ́ ni ilẹ̀, àfi ibi tí èèyàn bá fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀gbin. Kí ìyá má ṣe bu ti ibẹ̀, kí wọ́n bu ti ibòmíì. Wọ́n bi mí pé ta ló sọ fún ìyá pé kò dáa. Mo ní mi ò mọ̀.

Katakata padà dé. Wọ́n fi pákó yí ilẹ̀ náà ká, wọ́n ń gbẹ́ ẹ, wọ́n ń da símẹ́ǹtì. Oṣù yẹn náà ni wọ́n gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù. Àìsàn ọkàn ni, kì í ṣe ti ọwọ́. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ má bàa rò pé mo ń sọ ju bó ṣe rí lọ. Bó ṣe rí gan-an náà ti tó.

Mo mú abọ́ tánganran náà, mo lọ sí ibi àlàfo kan lára pákó. Mo na abọ́ sí òṣìṣẹ́ kan tó dé akoto, mo tọ́ka sí igun tí wọn ò tíì dé. Ó wò mí, ó fi ṣọ́bìrì bù ú fún mi.

Ìyá mi fi ìka kan iyanrìn náà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ojú wọn tàn.

"Ṣé Àáfà ti yí ọ̀rọ̀ wọn padà ni?"

Òótọ́ wà lẹ́nu mi nígbà yẹn. Ó wà ní orí ahọ́n.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Wọ́n ní àwọn tún ìwé wò."

Wọ́n ṣe tàyámọ́mù wọn, wọ́n dùbúlẹ̀ kírun, orí nìkan ni wọ́n ń tẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdúà fún Àáfà: pé ẹni tó ṣàṣìṣe tó sì padà, kí Ọlọ́run forí jì í, kó má jẹ́ kí ojú tì í lọ́jọ́ ìkẹyìn. Wọ́n pẹ́ lórí àdúà náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n yíjú sí mi.

"Ìwọ náà, ṣe àmín."

Mo ṣe àmín. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìyá mi ti lọ.

Ilé tuntun ti bo gbogbo ilẹ̀ náà báyìí. Ohun tó kù nínú aṣálẹ̀ ìyá mi kò ju ẹ̀kúnwọ́ méjì lọ, inú abọ́ ló wà, lójú fèrèsé. Bó bá ku díẹ̀ kí Làásárì wọlé, mo máa ń dúró tì í. Èmi kì í fọwọ́ kàn án. Ara mi le, omi ń bẹ. Mo kàn ń dúró ni. Bàbá àgbà ní ẹ̀rù ló kọ́kọ́ ń ba èèyàn. Ibẹ̀ ni mo ṣì wà.