Omi Pupa, Aṣọ Funfun

Nọ́ọ̀sì ni mí, aṣọ funfun sì ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àmọ́ omi bọ́hóòlù ilé wa ní Ajah pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Bí mo bá fi fọ aṣọ, ṣe ni aṣọ náà máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo bá lándílọ́ọ̀dù jà, mo bá ẹni tó gbẹ́ ẹ jà, mo tiẹ̀ ń ṣépè fún omi fúnra rẹ̀.

Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ràn ìwé àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìkì àtijọ́. Lọ́jọ́ tí mo ráhùn sí wọn létí lórí fóònù, wọ́n ní, "Àwọn àgbà yẹn ní kéèyàn ya ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀. Ṣé ìwọ lo dá omi ni?"

Inú bí mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn Gíríìkì yẹn ò fọ yunifọ́ọ̀mù ní Ajah rí!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò ńlá dé. Omi kún àdúgbò, ọkọ̀ ò lè jáde, gbogbo èèyàn ń bú òjò. Èmi náà ti la ẹnu, ni mo bá rí omi tó ń ṣàn látorí páànù, tó mọ́ gaara. Òjò ò sí níkàáwọ́ mi, àmọ́ bákẹ́ẹ̀tì mi wà níbẹ̀. Mo kó gbogbo ike àti ìkòkò ilé síta.

Bàbá mi pè. "Wọ́n ní omi ti gba Ajah. Kí lò ń ṣe?"

"Ó ti gbà á, Bàbá. Mò ń fọṣọ."