Ọkọ Ẹ̀pẹ́

Ta ló ń wọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú tí kò gbọ́ nípa ìjà olóògbé Bàbá Oríyọmí pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀? Ogún ọdún gbáko ni Bàbá fi ohùn ara rẹ̀ pe èrò sọ́kọ̀. Ní 2006, ọ̀gá tuntun, Adédayọ̀, gbé kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ náà dé. Ó ní bó bá fi lè pe èrò dáadáa di Jímọ́ọ̀, kí Bàbá máa lọ sílé.

Lówùúrọ̀ Mọ́ńdè, Fàlílátù tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kò fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí Bàbá bá lọ, òun ló kàn. Ẹ̀rọ ní: "Ọkọ Ẹ̀pẹ́ fẹ́ lọ. Ọkọ Ẹ̀pẹ́ fẹ́ lọ."

Bàbá Oríyọmí, tí Mùnírátù ìyàwó rẹ̀ ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́, dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Èmi rèé. Ta ló sọ fún un pé mo fẹ́ lọ?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀gá le koko. "Bàbá, ọkọ̀ ló ń pè."

"Ọkọ ló pè, ọ̀gá. Ìyàwó mi nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i."

Títí Jímọ́ọ̀ fi pé, ẹ̀rọ kò rí ọ̀rọ̀ yẹn pè. Ọ̀gá kò fẹ́ kí ojú ti òun, ló bá ní kí ẹ̀rọ máa sọ, kí Bàbá máa túmọ̀. Bàbá á wúkọ́: "Ọkọ̀ ló fẹ́ sọ. Ẹ má bínú sí i, àjèjì ni." Fàlílátù jẹ búrẹ́dì àti àkàrà ní àjẹyó lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó yá, ọ̀gá fẹ́ gba ohùn Bàbá sínú ẹ̀rọ.

"Ṣé á máa béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá Abigail tó máa ń wọkọ̀ níbí?"

"Rárá, Bàbá."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣì máa béèrè fúnra mi nígbà náà."

Ọdún kẹta lẹ́yìn náà ni Bàbá kú. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé e lọ sílé ní Ẹ̀pẹ́. Bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀ tán, ẹ̀rọ ní: "Ọkọ Ẹ̀pẹ́ fẹ́ lọ."

Gbogbo ojú yí sí ibi tí Bàbá máa ń dúró sí. Kò sí ẹni tó máa túmọ̀. Ọ̀gá sáré kí ó pa ẹ̀rọ, Fàlílátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omijé ń bọ́ lójú Fàlílátù, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi sílẹ̀, sà. Lónìí, kò ṣì í pè."