Ìyàwó Mi Lóṣòó ti Ilẹ̀kùn Mọ́tò

Àpá iná ṣì wà lára ilẹ̀kùn mọ́tò wa àtijọ́, lápá ibi tí ìyàwó mi máa ń jókòó. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan ló kọlù ú ní Òkè-Fìà. Irin rẹ̀ kó wọnú, kò sì ṣí mọ́. Ìyàwó mi ní òun ò ní gba ilẹ̀kùn tèmi wọlé, pé àgbàlagbà obìnrin kì í ká ìró sókè fo jíà. Bẹ́ẹ̀, ọ̀la ni wọ́n máa ṣe ìrántí ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.

Pánẹ́bítà wa tó ń bá wa tún un ṣe, ọmọ Òṣogbo pọ́ńbélé, ti ń sọ pé “Ọ̀la, inṣá Álà” láti ọjọ́ yìí wá. Èmi tí mo lọ yunifásítì láyé ijọ́un, àlàyé ni wọ́n kọ́ mi. Mo ṣàlàyé títí, ilẹ̀kùn ò gbọ́.

Ìjẹ̀ṣà ni ìyàwó mi. Bàbá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tó fi máa san án. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìrántí yẹn, ìyàwó mi wọ ṣọ́ọ̀bù pánẹ́bítà, mo tẹ̀lé e, ó kí wọn dáadáa, ó sì lóṣòó ti mọ́tò.

“Màmá, ẹ gba àga.”

“Rárá. Òṣó ni màá ló.”

“Iná gáàsì la fẹ́ tàn o.”

“Ẹ tàn án. Òtútù ń mú mi.”

Pánẹ́bítà fi iná sun ojú kan títí ó fi pọ́n bí ata rodo, ó fi òòlù lù ú, ó gbé àkísà tútù lé e. Ó dún ṣàà, irin tó ti nà sì fà jọ. Ó bọ́ sójú mìíràn.

“Ibẹ̀ yẹn ṣì yọ ikùn bíi ti ọkọ mi,” ni ìyàwó mi wí.

“Màmá, tí iná bá pọ̀ jù, á tún wú ni. Díẹ̀díẹ̀ ni.”

“Díẹ̀díẹ̀ náà lẹ ti ń bá a bọ̀.”

Nígbà tí wọ́n pe ìrun, pánẹ́bítà ní, “Màmá, ẹ jẹ́ n kírun.”

“Ẹ lọ kírun. Ẹ bá mi tọrọ ilẹ̀kùn.”

Ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn ṣí wẹ́rẹ́. Ìyàwó mi fẹ́ dìde, orúnkún rẹ̀ kọ̀, kò nà. Pánẹ́bítà wò ó, ó wo iná ọwọ́ rẹ̀.

“Màmá, ṣé ká sun ún díẹ̀?”

Èmi pẹ̀lú pánẹ́bítà la gbé e wọ mọ́tò, láti ojú ilẹ̀kùn tirẹ̀. Pánẹ́bítà ní ó ku ọ̀dà, ká fi mọ́tò sílẹ̀ di ọ̀la. Ìyàwó mi ti ilẹ̀kùn pa, ó kọjú sí mi, ó ní, “Bàbá, ẹ wa mọ́tò.”