Àǹtí Kapa àti Ìgò Ẹja Oníyọ̀

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Kapitolina, nọ́ọ̀sì àwọn tó ń lọ sí òfuurufú, lọ́jọ́ tí Rodion, ọ̀kan lára wọn, wó lù ú nínú pápá Kasakisitani. Àwọn oníwèé ìròyìn ya fọ́tò. Wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ijó ni wọ́n ń jó.

Kì í ṣe ijó. Oṣù mẹ́fà ni Rodion fi wà lókè, níbi tí ara kì í ti í wúwo. Níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ inú ẹsẹ̀ á gòkè lọ sórí, ojú á wú, ara á rò pé omi ti pọ̀ jù, á máa tọ̀ ọ́ dànù. Tónítọ̀hún bá wá padà sílẹ̀, tó dìde, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ lọ sísàlẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ojú á ṣú. Ìdí nìyẹn tí Kapitolina, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí Kapa, fi máa ń fún wọn ní omi iyọ̀ mu, kí omi lè dúró lára wọn.

Kí Rodion tó lọ, ó lérí: "Àǹtí Kapa, ẹsẹ̀ ara mi ni màá fi rìn jáde."

"Wàá ṣubú bí àpò ọ̀dùnkún. Ṣùgbọ́n má bẹ̀rù, èmi ni màá gbá ẹ mú."

Àǹtí ti ṣèlérí nìyẹn. Àmọ́ nígbà tó ku oṣù kan kí wọ́n lọ pàdé Rodion ní pápá, Dókítà Arkady wọn ìfúnpá Àǹtí fúnra rẹ̀. Àádọ́sàn-án.

"Ẹ ò lè bá wa lọ, Àǹtí. Àádọ́jọ lòfin sọ."

"Kọ ọgọ́jọ."

"Ṣé ọjà la wà ni?"

"Ó dáa, kọ márùndínlọ́gọ́jọ. Mi ò lè dín in jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹja oníyọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń jẹ láràárọ̀ lẹ máa dín."

Ó gbé ìgò ẹja rẹ̀ fún aládùúgbò pé kó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Oṣù kan gbáko, ọ̀dùnkún aláìníyọ̀ ló ń jẹ; ó ní bí ẹni ń jẹ bébà ni. Ojoojúmọ́ ló ń lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù náà. Aládùúgbò rò pé òun ló wá kí.

Ìfúnpá méjìdínláàádọ́jọ ló gbé e dé pápá.

Wọ́n gbé Rodion jáde nínú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n fi í sórí àga. Ó rí kámẹ́rà, ó dìde.

"Jókòó, olóríkunkun!"

Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Kó tó gbé ìkejì, ó ti wà láyà Àǹtí Kapa.

Dókítà wọn àwọn méjèèjì. Ti Rodion, ọgọ́rin. Ti Àǹtí, ọgọ́sàn-án.

"Rò ó pọ̀, kó o pín in sí méjì," Àǹtí sọ bó ṣe ń fi omi iyọ̀ sí Rodion lẹ́nu. "Ara àwa méjèèjì le."

Àǹtí Kapa kú nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e. Fọ́tò náà wà lára ògiri Rodion. Bí àlejò bá bi í pé ta ló ń bá jó, kì í jiyàn. "Àǹtí mi ni," ló máa ń sọ. Lẹ́yìn náà, yóò sọ ohun tí Àǹtí jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà: búrẹ́dì dúdú, àlùbọ́sà àti ẹja oníyọ̀. Àǹtí ní méjì lòun máa jẹ, dókítà ní ìdajì. Wọ́n parí ẹ̀ sí ẹyọ kan, dókítà fúnra rẹ̀ ló sì yọ egungun rẹ̀ fún un.