Lẹ́tà Tó Ń Wakọ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Ṣómólú, òórùn íńkì àti kẹrosíìnì sì dá mi padà sí ọmọ ọdún mẹ́fà, lórí òkìtì bébà tí mo máa ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé màmá mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà náà, ìyá ẹlẹ́ja kan láti Ìlàjẹ wá wo pósítà ìsìnkú bàbá rẹ̀. Lẹ́tà onígi ni màmá mi fi tẹ orúkọ olóògbé, àwọn tó sanra, tó fún mọ́ra, tí gbogbo wọn tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń sáré.

Ìyá náà figbe ta. "Ṣé bọ́ọ̀sì ni bàbá mi ń lé ní Palmgrove? Àádọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n lò láyé, wọn ò sáré kú! Mi ò gbà á."

Màmá mi ní, "Ẹ má bínú, mọ́mì. Orúkọ wọn ló gùn. Lẹ́tà yìí nìkan ló gbà á lórí ìlà kan."

Mo wo pósítà náà dáadáa. Mo ní, "Wọn ò sáré, mà. Wọ́n ń wakọ̀ lórí omi ni."

Ìyá náà tún àwọn lẹ́tà náà wò, bí wọ́n ṣe tẹ̀ bí ẹni tó ń fi ọ̀pá ti omi. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, omijé sì tẹ̀ lé e. "Yéè, bàbá mi rèé nínú ọkọ̀ ẹja wọn! Ẹ tẹ ìyókù, jàre."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé irú lẹ́tà onígi kan ṣoṣo yẹn ni màmá mi ní. Ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìsọjí, títí kan "MÁ TỌ̀ SÍBÍ" tó wà lára ògiri wa, gbogbo wọn ló ń wakọ̀.