Ilẹ̀kùn Tó Lọ Sójú Omi

Nígbà tí owó oṣù kò wọlé déédéé mọ́, bàbá àwọn ọmọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ní òun yóò padà sápá Òkìtìpupa lọ máa fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò. Ọkọ̀ wà nílẹ̀. Ọkọ̀ oní-fáíbà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni, ó sì ti pẹ́ tó ti fi lọ́rì gbé e wá sẹ́yìnkùlé wa ní Ìsìkàn. Àwọn ará àdúgbò a máa kí i pé, "Bàbá Nóà, ìkún omi dà?"

Òun náà á ní, "Ẹ tètè wọlé o, mo ti fẹ́ tìlẹ̀kùn."

Nítorí òjò, a ti fi tapólì dè é pinpin, bí wọ́n ṣe ń bo kòkó nílé wa ní Oǹdó. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ṣí kòkó kí oòrùn pa á. Ọkọ̀ yìí, a ò ṣí i. Abẹ́ tapólì ló ti ń làágùn.

Lọ́jọ́ tí a tú u, fáíbà ń dán. Bàbá wọn fi ìka kan ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnnì mọ́. Kò dún. Ó dá ihò sí i, omi dúdú jáde, igi tí wọ́n fi fáíbà bò mọ́nú sì ń bọ́ síta bí èérí ògì.

Ó ní, "Màá lẹ fáíbà tuntun lé e. Yóò gbé ẹ́ńjìnnì."

Mo ní, "Bàbá wọn, ènìyàn lẹ fẹ́ kó o, kì í ṣe gàrí."

Láti ìgbà náà, kò lè jókòó jẹun. Á dìde tòun ti òkèlè lọ́wọ́, á lọ wo ọkọ̀. Ó fẹ́ lọ kí Kérésì tó dé, nígbà tí èrò máa ń pọ̀. Èmi náà, ojú kan ni mò ń gbá ní àgbátúngbá.

A lọ sí Oǹdó, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó ń lagi, láti wá pákó tí a ó fi rọ́pò èyí tó jẹrà. Ó fọwọ́ pa àwọn pákó rẹ̀ wò.

"Tútù ni gbogbo èyí. Bí ẹ bá fi fáíbà dé e mọ́nú, á tún jẹrà. Ẹ jẹ́ kó rí ẹ̀ẹ̀rùn ná."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni mo fẹ́ fi kó èrò."

"Àna mi, ẹ jókòó, ẹ mu omi."

Kò jókòó.

A padà sílé. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá wa, ó wọlé lọ bọ́ṣọ. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìrókò ni ilẹ̀kùn náà, ó nípọn, bàbá mi ló fún wa nígbà tí a kọ́lé. Mo fi ìka kàn án. Ó dún kó-kó-kó.

"Bàbá wọn, èyí ti gbẹ."

Ó wò mí. "Yàrá wa ńkọ́?"

"Mo ní kọ́tìnnì."

Òun àti káfíńtà kan gé gbogbo ibi tó jẹrà lára ọkọ̀ kúrò, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún oòrùn títí ó fi gbẹ. Wọ́n la ilẹ̀kùn sí méjì, wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n fi èèkàn igi dí ojú kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì kàn án mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo fọwọ́ kan ibẹ̀ kí fáíbà tó bò ó.

Lẹ́yìn tí lọ́rì gbé ọkọ̀ àti bàbá wọn lọ, gbogbo ìgbà tí atẹ́gùn bá gbé kọ́tìnnì ni mò ń gbójú sókè. Mò ń ro ẹ́ńjìnnì yẹn, mò ń ro àwọn èrò.

Ọ̀sẹ̀ Kérésì ni obìnrin kan láti ọ̀nà Òkìtìpupa gbé ẹja gbígbẹ wá fún mi.

"Ọkọ yín ní kí n sọ fún yín pé ilẹ̀kùn yín ò mì."

Mo gba ẹja. Mo ká kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní kó wọlé jókòó.